Ṣé Kí A Gba Mítà Sílé?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn èèyàn wa, mo sì rí i pé ó tó kí a dá sí i: ṣé kí baálé ilé gba mítà iná tí à ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ ni, tàbí kí ó máa san owó ìfojúdá lọ bí ó ti ń san án bọ̀? Gbígbà á ni èmi fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ń sá fún un kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Kò sí ọlọ́jà kan nínú yín tí yóò gbà kí ẹni tó ń ta gààrí wo ojú òun, kí ó sì wí pé, “Ó jọ pé kọ́ńgò mẹ́wàá ni o jẹ lóṣù yìí, mú owó wá.” Ìjà ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ń ta iná fún ilé tí kò ní mítà. Ilé tó ní fáànù kan àti ilé tó ní fírísà mẹ́ta lè gba ìwé owó kan náà. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, tiransifọ́mà wa kú fún odidi oṣù kan. Ìwé owó oṣù náà kò pẹ́ dé rárá. Nígbà tí a lọ bi wọ́n, akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ san án ná, kí a tó wá ṣe àròyé. Lóòótọ́, ní ọdún 2020, àjọ NERC tí ń ṣe kòkáárí ọ̀rọ̀ iná fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè fojú dá. Gbèdéke dára, ṣùgbọ́n gbèdéke kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Owó ni a ó san fún mítà tuntun yìí, wọn a fún wa ní nọ́ńbà gígùn kan, oní 20, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, yúníìtì yóò sì wọlé. Èyí tí wọ́n ń pè ní smart nínú wọn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ròyìn iye iná tí a lò fún ọ́fíìsì wọn bí ìgbà tí fóònù ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Láti ọ́fíìsì yẹn ni wọ́n sì ti lè pa iná ilé ẹni, tí òṣìṣẹ́ kankan kò gbé àkàbà wá. Àwọn kan ní amí ni. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ìgbà tí ilé sùn àti ìgbà tí ó jí sààrì. Lójú tèmi, èyí kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Fóònù tó wà lápò wa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń já àwọn èèyàn láyà gan-an ni pé wọ́n ní mítà ń jẹ owó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000, bí ó bá gbóná fún wákàtí kan, yúníìtì kan ti lọ. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 yóò tàn fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ yúníìtì kan náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì fún àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti náírà 68 lọ sí náírà 225. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Mítà kọ́ ló gbé e sókè. Ìyá tó ń fi fírísà méjì ta omi tútù mọ̀ ọ́n lára, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní mítà, ó lè pa fírísà kan lóru kí owó rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń gba ìwé ìfojúdá, bí ó pa gbogbo rẹ̀, ìwé rẹ̀ kò ní í torí ìyẹn kéré.

Bí ẹ bá fura pé mítà ń sáré, ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé, kí ẹ wá wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú léraléra, iná ń bá wáyà kan lọ sí ibi tí ẹ kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ilé aládùúgbò.

Èyí mú mi dé orí ohun tí kò dùn ún sọ. Àwọn kan gba mítà tán, wọ́n wá pe oníná àdúgbò kí ó fa wáyà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí fírísà má bàa gba inú rẹ̀ kọjá. A sì ń rí irú wọn ní sàfú iwájú ní mọ́sáláásí. Wọ́n ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ tẹ́lẹ̀, àwọn ń gba tàwọn padà ni. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ka èyí sí ọ̀ràn. Àti pé iná tó bá sọnù báyìí wà lára ohun tí wọ́n ń ṣírò mọ́ owó yúníìtì, aládùúgbò ni yóò sì bá wọn san án. Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Bí ẹni tó ń dín kọ́ńgò kù bá jẹ̀bi, ẹni tó ń lu àpò gààrí lẹ́yìn kò jàre.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ bèèrè gbèsè àtijọ́ tó wà lọ́rùn ilé náà, nítorí wọ́n lè máa yọ ọ́ nínú owó tí ẹ bá fi ra yúníìtì. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra mítà lábẹ́ ètò MAP tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, iná ni wọ́n fi ń san án padà fún un. Kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó kó wọ ilé tí mítà ti wà tẹ́lẹ̀, kí ó wádìí bóyá wọ́n ti tún un ṣe ṣáájú ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Èyí tí wọn kò tún ṣe kò gba nọ́ńbà tuntun mọ́. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe so ayálégbé mẹ́fà mọ́ mítà kan. Ẹ̀yin náà mọ ìjà tó ń bẹ nínú ìyẹn.

Mọ́sáláásí ńkọ́? Lọ́pọ̀ ibi, Alhájì kan ṣoṣo ló ń ra yúníìtì. Bí ó bá rìnrìn àjò, inú òkùnkùn ni a ó ti kírun Ìṣáì. Kí ìgbìmọ̀ kọ nọ́ńbà mítà náà sára ògiri ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàráà lè fi fóònù rẹ̀ ra ti ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì, kí ó sì fi nọ́ńbà tó jáde ránṣẹ́ sí Ládàánì, tí yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ó tó pe ìrun.