Ẹni tó fẹ́ fò, ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń gbé Múṣin tàbí Sùúrùlérè kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ariwo bàálù fún un. Orí òrùlé wa ni ọ̀pọ̀ bàálù tó fẹ́ balẹ̀ n'Íkẹjà ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọdé á gbójú sókè, ọ̀kan nínú wọn á sì ní òun máa di páílọ́ọ̀tì. Ìyá ẹ̀ á ṣe àmín. Kò burú. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ni ibi tí páílọ́ọ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ojú sánmà o. Ilẹ̀ ni, nídìí ìgbálẹ̀, bẹ́ẹ̀dì títò àti bàtà dídán.

Pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà tí à ń wí yìí, ìgbà ogun Hitler ni wọ́n kọ́ ọ. Tí wọ́n bá sì dárúkọ ogun Hitler lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn bàbá wa tó lọ sí Bọ́mà la máa ń rántí, àwọn tí wọ́n bá àwọn ará Japan wọ̀jà nínú igbó. Ó yẹ ká rántí wọn, ojú wọn rí nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan wà tí wọn kò fẹsẹ̀ rìn lọ sójú ogun yẹn. Bàálù ni wọ́n wọ̀. Wọn kò pọ̀, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí orúkọ wọn tètè pòórá lẹ́nu wa.

Ọ̀kan nínú wọn ni Emanuel Peter John Adéníyì Thomas. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1914. Ọmọ olówó ni. Bàbá ẹ̀ wà lára àwọn oníṣòwò ńlá tó wà l'Ékòó nígbà náà, ìdílé Sàró ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Stella Thomas, lòyà ni, òun náà ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì nílẹ̀ wa lọ́dún 1943. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ebi ló lé Adéníyì wọṣẹ́ ológun.

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, bó tiẹ̀ lówó jù báyìí lọ, wọn kò ní gbà á. Òfin wà nígbà náà pé ẹni tí ìran ẹ̀ kì í bá ṣe òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ́fíṣà nínú iṣẹ́ ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní RAF. Oṣù kẹwàá ọdún 1939, lẹ́yìn tí ogun ti bẹ́, ni wọ́n tó gbé òfin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Họ́wù! Tí iná bá ti mú òrùlé, ta ló máa béèrè àwọ̀ ẹni tó gbé omi wá? Nígbà tó fi máa di ọdún 1942, Thomas ti gba ipò ọ́fíṣà, òun sì ni ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á nínú RAF. Ó kọ́ bàálù wíwà, ó sì yege.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹ̀. Láti ọdún 1941, Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, pápá táwọn òyìnbó ti ń gbá kírìkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ wa bàálù lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún wọn láṣọ, tí wọ́n ti ń gún wọn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ti ń gẹrun wọn. Ẹ wá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun o: inú ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni! Ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ni ìjọba gbà fún wọn. Ẹni tó kúrò nílé pé òun ń lọ fi bàálù lé Hitler, ó wá tò sórí ìlà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, níbi táwọn èèyàn ti ń wá wo ọ̀bọ.

Láti ibẹ̀, wọ́n á kó wọn lọ sí ìlú etí òkun, nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba ti gbà. Ẹ má rò pé fàájì ni o. Fóòmù táwọn ológun ń sùn lé nígbà yẹn, ẹ̀là mẹ́ta ni, pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin. Bisikíìtì ni wọ́n ń pè é. Láràárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ to bisikíìtì mẹ́ta yẹn léra wọn, kí wọ́n ká búláńkẹ́ẹ̀tì lé e kó gún régé. Tí igun kan bá yẹ̀, sájẹ́ǹtì lè tú gbogbo ẹ̀ ká, kó ní kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì aṣọ gbọ́dọ̀ dán, bàtà gbọ́dọ̀ dán, wọ́n á sì yan lójú títì bí ọmọ iléèwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wọ kíláàsì. Ìṣirò wà níbẹ̀, ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ̀nà níbi tí kò sí títì wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ́ Mọ́ọ̀sì, èdè tí wọ́n fi ń kan ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, títí tí á fi máa dún létí wọn lójú oorun. Wọ́n á tún fi òjìji bàálù hàn wọ́n fìrí báyìí, kí wọ́n sọ bóyá ti Gẹ̀ẹ́sì ni àbí ti Jámánì. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe eré, nítorí ẹni tó bá ṣì í mọ̀ lè yìnbọn pa ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Títí dé ibi tí mo dé yìí, wọn ò tíì fọwọ́ kan bàálù o. Ìgbà tí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ bàálù, Tiger Moth ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Kínní náà kéré. Ìyẹ́ méjì ló ní lápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo ara ẹ̀, orí ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì ní búrẹ́ẹ̀kì. Ọwọ́ lẹnì kan máa fi yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀ kó tó jí, bí ìgbà téèyàn ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá á jókòó níwájú, ọmọṣẹ́ á wà lẹ́yìn, ọ̀pá ìsọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú atẹ́gùn tó ń hó. Ẹ fojú inú wo ọmọ Èkó tó jẹ́ pé ọyẹ́ nìkan ló mọ̀ ní òtútù, tó wá wà lókè níbẹ̀, tí imú ẹ̀ ti kú tipiri.

Tí wọ́n bá fi ìdajì ọjọ́ fò, inú kíláàsì ni wọ́n á ti lo ìdajì tó kù. Àpótí kan tún wà tí wọ́n ṣe bíi bàálù kékeré, orí ilẹ̀ ló wà, wọ́n á dé e mọ́ ọmọṣẹ́ lórí, kó má baà ríta. Aago tó wà níwájú ẹ̀ nìkan ló máa wò, táá sì máa wà á bí ẹni wà nínú ìkùukùu. Tó bá ṣìnà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó máa kú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn.

Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́wàá lókè, tó bá ti wu ọ̀gá, á sọ̀ kalẹ̀, á ní kí ọmọṣẹ́ máa dá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń rí ọjọ́ yẹn láyé. Ẹni tí ọ̀gá rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ò lọ, wọ́n á mú un kúrò, wọ́n á fi í sídìí iṣẹ́ mìíràn nínú bàálù, bíi fífọ̀nà hàn tàbí jíju bọ́ǹbù. Ẹni tó bá kù á lọ sídìí bàálù tó le ju ìyẹn lọ, bíi Harvard àti Oxford. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rán àmì ìyẹ́ yẹn mọ́ àyà wọn lápá òsì. Nítorí pé ọ̀tá ń fò káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò sì dáa, wọ́n kó púpọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Kánádà. Ó lé ní 130,000 òṣìṣẹ́ inú bàálù tó kọ́ṣẹ́ jáde níbẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú gbogbo ẹ̀ tó wù mí jù. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ wo, bàálù wo, ta ló jókòó tì í, kí ni wọ́n ṣe, ìṣẹ́jú mélòó. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó máa pa irọ́ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ìwé ló máa sọ̀rọ̀.

Kí ló fà á tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Ikú ni. Ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù nìkan pàdánù èèyàn 55,573 nínú ogun yẹn. Nínú wọn, ó ju 5,000 lọ tó jẹ́ pé ibi ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n kú sí. Wọn ò rí Jámánì kankan. Òkè tí kùrukùru bò ló pa àwọn kan, ẹ́ńjìnnì tó kú lójijì ló pa àwọn mìíràn. Àwọn tó dé ojú ogun náà rí tiwọn. Bánkọ́lé Beresford Vivour, ọmọ tiwa, kò padà nígbà tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Nuremberg ní Jámánì, ní òpin oṣù kẹta ọdún 1944. Bàálù 95 ni wọ́n pàdánù lóru ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Akin Shenbanjo náà wà lára àwọn tó fò lọ ju bọ́ǹbù, àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú bàálù kan náà sì fi ti ẹ̀ sọ bàálù wọn ní Ọmọọba Dúdú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára ní èdè tiwọn.

Adéníyì Thomas ńkọ́? Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945 ló kú, nígbà tí ogun Yúróòpù ku bí oṣù mẹ́rin kó parí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Kì í ṣe ìbọn ọ̀tá ló pa á, ìjàǹbá bàálù ni. Ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni sàréè ẹ̀ wà di òní.

Tẹ́ ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ rántí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Àlàó. Ọdún 1964 ni Nàìjíríà dá iṣẹ́ ológun òfúrufú tiẹ̀ sílẹ̀, àwọn ará Jámánì ló wá ń kọ́ wa. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, àwọn olùkọ́ yẹn kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àlàó ló ń darí iṣẹ́ ológun òfúrufú lásìkò yẹn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, ọdún 1969, ó wọ L-29, bàálù tí wọ́n dìídì ṣe fún ìkọ́ṣẹ́, ó sì já lulẹ̀ ní Uzebba, ní ìpínlẹ̀ tá a mọ̀ sí Ẹdó lónìí. Ọ̀gá pátápátá nìyẹn o! Òfúrufú kì í bẹ̀rù ọ̀gá.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ní Ládípọ̀, ní Múṣin, mo gbọ́ bí ìyá kan ṣe ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí ọmọ ẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ o, oṣù kẹrin rèé tí ọmọ mi ti wà lọ́dọ̀ yín, irin lẹ ṣì ń ní kó máa fọ̀. Ìgbà wo lẹ máa kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tó ń kọ́ náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá fọ irin, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó ti jẹ? Tí mo bá ní kó lọ dé búrẹ́ẹ̀kì mọ́tò kan lónìí, ṣé ẹ̀yin náà á wọ mọ́tò ọ̀hún, mà?"

Ìyá náà ò fèsì.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá burúkú wà, tí wọ́n ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀, tó jẹ́ pé aṣọ ìyàwó wọn ni ọmọṣẹ́ ń fọ̀, kì í ṣe irin. Ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́, ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n àwa òbí náà ń kánjú jù. Oṣù mẹ́ta, a ti fẹ́ kí wọ́n ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. A mọ àwọn tó gba láísẹ́ǹsì l'Ékòó yìí láìjẹ́ pé wọ́n dán wọn wò rí, àwọn náà ló sì ń fi dáńfó gbé wa gba Ojúẹlẹ́gba. Bàálù máa ń tètè já irọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dáadáa. Mọ́tò, wáyà iná, abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n lè pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó já a, ẹlòmíì ló sì máa ń kú sí i.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò gba owó púpọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́. Kó máa kọ ohun tí ọ̀gá bá kọ́ ọ lójoojúmọ́, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i lópin ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé gbígbá àti aṣọ fífọ̀ ló kún inú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ lọ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ irin fífọ̀ lónìí, nọ́ọ̀tì títú lọ́la, ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún-la, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ dọ̀tí.

Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.