Ta Ló Ní Kí A Máa Ṣáàjì Bátìrì Mọ́jú?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. A ti ń rọra sọ ọ́ láàárín ara wa, ó wá tó àkókò láti sọ ọ́ síta. Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń wa ọkọ̀ rìmóòtù nínú ọgbà: bí iná bá dé lóru, oníkálukú á so bátìrì rẹ̀ mọ́ ṣájà, á gbé e sórí fóòmù tàbí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sì fi aṣọ borí sùn. Bó bá jí láàárọ̀ tí bátìrì ti kún, inú rẹ̀ á dùn pé òun gbọ́n. A ò gbà pé ọgbọ́n ni. Ewu ni, ewu náà ò sì mọ sórí ẹni tó ni bátìrì. Ẹni mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá kan, àwọn tó kù ò sì mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ ibi tí wọ́n fi orí lé.

Ẹ jẹ́ ká sọ irú bátìrì tí à ń sọ. Èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa lò nígbà kan, NiCd àti NiMH, 1.2V ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà tí a so pọ̀ ló ń di 7.2V. Bátìrì alágídí ni. Ẹ lè fi iná díẹ̀díẹ̀ sí i fún wákàtí mẹ́rìnlá, kó kàn gbóná díẹ̀. A fura pé ibẹ̀ ni àṣà mọ́jú yìí ti wá, tí ẹ̀gbọ́n fi lé àbúrò lọ́wọ́ láìbéèrè bóyá bátìrì ti yí padà. Ó sì ti yí padà. Sẹ́ẹ̀lì LiPo kan jẹ́ 3.7V, ó ń kún ní 4.2V, kò sì yẹ kó wálẹ̀ kọjá 3.0V. Bí ẹ bá ti iná sí i kọjá 4.2V, omi inú rẹ̀, tó jẹ́ ohun tí iná lè ràn mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á máa di gáàsì. Bátìrì á wú. Ooru á máa bí ooru, títí yóò fi gbiná, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé nínú.

“Ṣájà mi gbọ́n, ó máa ń dá dúró fúnra rẹ̀.” Gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ fún wa jù nìyí. Lóòótọ́, ṣájà tó dára máa ń dá dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Bó bá wà ní ipò NiMH tí ẹ sì so LiPo mọ́ ọn, ohun tó ń retí ni pé kí fólítì gòkè, kó sì já wálẹ̀ díẹ̀, torí bí NiMH ṣe ń sọ pé òun ti yó nìyẹn. LiPo kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣájà á máa retí, á sì máa ti iná wọlé.

Ẹ wá fi ti iná wa kún un. NEPA (àwa ò mọ orúkọ mìíràn tí à ń pè é, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí bíìlì) mú iná lọ ní aago kan òru, ó dá a padà ní aago méjì ààbọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ṣájà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra wọn bí iná bá dé. Wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa dúró de ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Ẹni tí oorun kún ojú rẹ̀ ni. 2S ni bátìrì ọwọ́ rẹ̀, 3S ló yàn, ìyẹn ni pé 12.6V ni ṣájà ń lé, nígbà tí 8.4V ti jẹ́ òpin fún bátìrì. Bí kò bá ki wáyà bálánsì bọ̀ ọ́, ta ló máa sọ fún ṣájà pé irọ́ ni?

Wáyà bálánsì yẹn gan-an ń bí wa nínú. Púlọ́ọ̀gì funfun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ńlá ni. Àwọn kan ti gé e kúrò torí pé ó ń há mọ́ abẹ́ ọkọ̀! Òun nìkan ló ń jẹ́ kí ṣájà rí sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wo bátìrì 3S láti wáyà ńlá nìkan, ẹ lè rí 12.6V, kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dára, kí sẹ́ẹ̀lì kan sì wà ní 4.35V, èkejì ní 4.15V, ẹ̀kẹta ní 4.10V. Ìṣirò náà pé, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ti wà lójú ọ̀nà iná.

Àwíjàre tó kù ni pé iná ò dúró, àfi kí a gbá òru mú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bátìrì 5000mAh, bí a bá fún un ní 5A, ohun tí wọ́n ń pè ní 1C nìyẹn, kò ju bíi wákàtí kan àti díẹ̀ lọ kó tó kún. 2200mAh, 2.2A, iye àkókò kan náà. Kí wá ni bátìrì ń ṣe lórí ṣájà láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di ìdájí? Bí ṣájà yín ò bá lè lé 5A, ó lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn náà kì í ṣe òru mọ́jú. Púpọ̀ nínú àwọn ṣájà wọ̀nyí ló sì tún ń gba 12V tààrà. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tàbí bátìrì sólà 12V tó wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, á ṣáàjì LiPo lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ènìyàn, láìsí NEPA, láìsí jẹnẹrétọ̀.

A tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a lo bátìrì tán pátápátá kí a tó ṣáàjì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ NiCd ni wọ́n ń sọ. LiPo tí ẹ bá lò tán pátápátá, ẹ ti pa á. Nígbà tó bá ku bí ìdá márùn-ún kan nínú rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ wálé, kí ẹ sì rí i pé ESC yín wà ní ipò LiPo kó lè dá mọ́tò dúró lásìkò.

Bí ẹ ò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ mélòó kan, 3.8V sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kẹ́ ẹ fi pa á mọ́. Kì í ṣe ní kíkún, kì í ṣe ní òfìfo. Ṣé ẹ rántí 2022? ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn ò dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Bátìrì tí a fi sílẹ̀ ní kíkún nínú yàrá gbígbóná fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ á darúgbó lójijì; èyí tí a fi sílẹ̀ lófìfo á rọra já wálẹ̀ kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ajíǹde á dé: wọ́n á yí ṣájà sí NiMH, wọ́n á ti iná díẹ̀ wọ inú òkú bátìrì kí ṣájà lè gbà á. Sẹ́ẹ̀lì tó já wálẹ̀ jù, kọ́pà inú rẹ̀ lè yọ́, kó sì lọ ṣù sí ibi tí kò yẹ, kí ó so òdì kan mọ́ èkejì láti inú. Òkú tí ẹ jí yẹn lè dúró ṣinṣin lónìí, kó gbiná ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń dábàá pé kí ilé ẹ̀kọ́ fòfin de LiPo nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. A mọ ohun tí ìyẹn máa bí. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ nù; inú kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín aṣọ, ni wọ́n á ti máa ṣáàjì rẹ̀ kí pọ́tà má bàa rí i. Ibi tó burú jù nínú yàrá nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ ṣeun fún àwọn ọkọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́. A ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ṣàìmoore, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti tó. Dípò ọkọ̀ kan sí i, ẹ rán ṣájà gidi kan, àpótí irin, àti àwọn ohun èlò kékeré tí a fi ń wo fólítì sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá sì ń kó bátìrì bọ̀ láti òkè òkun, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, pẹ̀lú lílẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ò fẹ́ ẹ nínú ẹrù ìsàlẹ̀. 3S 5000mAh jẹ́ 55.5Wh, kò tíì dé 100Wh tí wọ́n fi ṣe ààlà.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa ò pọ̀. Yàrá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, tó ní fèrèsé, kò sí fóòmù, kò sí kọ́tìnì. Garawa yanrìn méjì; kì í pa iná inú LiPo, àmọ́ ó ń dí i mọ́ kó má bàa ràn. Àti ẹnì kan tó jókòó tì í títí ṣájà á fi dún. Àwa fúnra wa la máa pín ìjókòó yẹn. Yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù bá gbogbo èyí mu, àga jíjẹ tí ẹnikẹ́ni ò lò ló wà níbẹ̀. Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀?