Ẹ Fi Ìwé Lápàdé Sílẹ̀ Fọ́mọ!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ aládùúgbò mi kan níbí, ní Àgọ́ Palace, wá yá ìwé lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Àjà Ló Lẹrù, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ni mo yá a. Kò tíì kà á dé ìdajì tí bàbá rẹ̀ fi gbé e padà wá, tó fi ìka méjì gbé e dání bí ẹni gbé òkú eku.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ló wí. "Ìwé olè, ìwé jàǹdùkú, kọ́ ni mo fẹ́ kọ́mọ mi máa kà. Ẹ bá mi wá èyí tó ní ẹ̀kọ́ nínú."

Mo gba ìwé mi, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tísà kan ń sọ ọ́, àwọn òbí ń sọ ọ́, pé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń kọ́ ọmọ lólè. Irọ́ ni! Bó bá jẹ́ pé gbígbọ́ ìtàn olè ló ń sọni dolè, gbogbo adájọ́ ìbá ti di ọlọ́ṣà. Ẹ sì wò ó o: nígbà tí àwa wà nílé ẹ̀kọ́ girama, James Hadley Chase là ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì kà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn Amẹ́ríkà. A pè é ní ọ̀làjú. Ti Yorùbá wá dé, ó di ìwé jàǹdùkú!

Kí ló tilẹ̀ wà nínú àwọn ìwé tiwa yìí? Lọ́dún 1969 ni Àjà Ló Lẹrù jáde, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1971. Lápàdé ni akọni inú méjèèjì. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ́. Òun àti Tàfá ni wọ́n jọ ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé náà kò gbẹ́yìn. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, òun ló sì kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ àti Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?

Ẹ wo orúkọ ìwé ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ìbéèrè ni. Kò sọ pé lágbájá ló pa ọmọ ọba. Ó ní ta ni? Ẹ̀kọ́ tí aládùúgbò mi ń wá kiri wà nínú àmì ìbéèrè yẹn. Nínú irú ìwé báyìí, ẹni tí gbogbo ayé kọ́kọ́ nàka sí, òun kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀daràn nígbà tí ìwé bá parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sí àdúgbò wa. Ẹni tó bá mọ Àgọ́ Palace mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, èrò rẹpẹtẹ. Bí ẹnì kan bá pariwo "Olè!", kí ẹ tó ṣẹ́jú, èèyàn ti pé jọ. Lálẹ́ Sátidé kan, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí mo gba ìwé mi, mo gbọ́ igbe náà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Aládùúgbò mi yìí kan náà ló ń pariwo. Ó ní òun gbé fóònù òun fún wọn kí wọ́n bá òun ṣáàjì rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ sì ti gbé e pamọ́.

Ọmọ náà kò lè ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó ń sunkún, ó ń búra pé kò sẹ́ni tó gbé fóònù fún òun. Ta ní ń gbọ́? Ìgbájú, ìgbámú, bẹ́líìtì. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kan ti ń bèèrè táyà.

Táyà o, ẹ̀yin èèyàn mi!

Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ti ń ka Lápàdé láti kékeré, mo káwọ́ gbera, mo ń wò. Mo mọ ohun tó yẹ kí n bèèrè: Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀? Ibo lẹ ti ń bọ̀? Ṣé ẹ ti pe nọ́ńbà rẹ̀ wò? N ò bèèrè ọ̀kankan. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà ní èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ olè. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ló fi ara rẹ̀ bo ọmọ náà, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lu òun. Òun náà ló ní kí ẹnì kan pe nọ́ńbà yẹn.

Fóònù dún. Inú mọ́tò aládùúgbò mi ló ti ń dún, láàárín àga dírẹ́bà àti ilẹ̀kùn.

Èrò fọ́n ká. Kò sẹ́ni tó bẹ ọmọ náà. Kò padà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò mi ní kí n bá òun dúpẹ́ pé fóònù òun ò sọ nù.

Kì í ṣe Àgọ́ Palace nìkan ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin lólè, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2017, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dì í mú. Àwọn baba wa ti sọ tiwọn ṣáájú: a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹnì kan á ní, "Ìwọ tó o kà á, kí ló kọ́ ọ? Ṣebí o dúró, ò ń wò ni." Òótọ́ ni. Ìwé kò fún mi ní ìgboyà. Ìyá oníbúrẹ́dì ló ní in. Ṣùgbọ́n ìwé ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn, nítorí mo mọ ìbéèrè tí mo gbé mì. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn bèèrè, kí ni yóò gba oorun lójú tirẹ̀?

Mo ti gbé ìwé náà padà fún ọmọ yẹn. Mo ní kó kà á lójú bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra àwọn ìwé yìí fọ́mọ yín. Ẹ̀yin tísà, ẹ kà á fún wọn ní kíláàsì, kẹ́ ẹ dúró láàárín méjì, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: "Ta lẹ rò pé ó ṣe é? Kí sì ni ẹ̀rí yín?"

Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti máa bèèrè ẹ̀rí, kò ní bèèrè táyà.