Ẹ Má Tíì Ju Kọ̀ńtírólà Àtijọ́ Nù



Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Owódé, ní Ọ̀fà, ni ó mú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí wá. Ọdún kẹfà rèé tí ó ti ní sólà lórí ilé: páńẹ́ẹ̀lì méjì, bátìrì kan, ínfátà kékeré kan àti kọ̀ńtírólà. Kọ̀ńtírólà ni àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Adènà ni. Òun ni ó ń jẹ́ kí agbára oòrùn wọ inú bátìrì, òun náà ni ó sì ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí bátìrì bá yó, kí ó má baà bàjẹ́.

Nínú Ramaláánì tí ó kọjá, iná ìyá yìí kò dé àsìkò sààrì mọ́. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń jẹun. Oníṣẹ́ iná tí ó pè wò ó, ó ní, "Ìyá, kọ̀ńtírólà yín ti di ti ayé àtijọ́. PWM ni. MPPT ni gbogbo ènìyàn ń rà báyìí." Owó kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ ìyá náà ni èyí tí ó ti ń kó jọ láti fi ra àgbò Iléyá. Ìbéèrè rẹ̀ sí wa kò gùn: "Ṣé kọ̀ńtírólà ni kí n rà, àbí àgbò?"

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti yín nìkan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí owó epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ tí ó gbójú lé oòrùn tí Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ṣe iná díẹ̀, kọ̀ńtírólà ni a máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù, nítorí pé òun ni tuntun rẹ̀ ń dé sójà lójoojúmọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Ọ̀fà ni a wà, ìlú ìjàkadì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìjàkadì ṣe àpèjúwe. Ẹ wo páńẹ́ẹ̀lì bí ọkùnrin gíga, kí ẹ wo bátìrì bí ọkùnrin kúkúrú. Fóòtì ni gíga wọn. PWM a máa fi tipátipá tẹ ẹni gíga ba títí yóò fi bá ẹni kúkúrú dọ́gba. Agbára tí ó wà nínú gíga tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ti ṣòfò nìyẹn. MPPT kò tẹ ẹnikẹ́ni ba. Ó máa ń gba gíga tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni gíga, yóò sọ ọ́ di áńpù, yóò sì fi kún ohun tí ń wọ bátìrì.

Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ orí kọ̀ńtírólà ni kí ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè bí páńẹ́ẹ̀lì yín ti ga ju bátìrì yín lọ tó. Ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn wà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná ka ohun tí a kọ sí iwájú Vmp fún yín.

Bí ó bá jẹ́ 18 tàbí bí ẹni pé 18, tí bátìrì yín sì jẹ́ fóòtì 12, wọ́n bá ara wọn mu. Bátìrì tí ń gba agbára a máa wà ní nǹkan bí 13 àbọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá sì ti mú páńẹ́ẹ̀lì gbóná lórí páànù, fóòtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ á wálẹ̀, ó lè di 15 tàbí 16. Kí ni ó wá kù tí MPPT yóò rí gbà? Díẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ páńẹ́ẹ̀lì ńlá wáàtì 300, tí Vmp rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 32, tí ẹ sì so ó mọ́ bátìrì fóòtì 12 nípasẹ̀ PWM, ọ̀rọ̀ yí padà. Áńpù tí irú páńẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń mú wá kò ju 9 àti díẹ̀ lọ. Ẹ fi 13 àbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé kò ju bí wáàtì 125 lọ nínú 300. Ó ju ìdajì lọ tí ó ń ṣòfò lójoojúmọ́. Ẹni tí ó wà ní ipò yìí, kí ó ra MPPT bí agbára rẹ̀ bá ká a. Bí ínfátà rẹ̀ bá sì jẹ́ ti fóòtì 24, tí ó ní bátìrì méjì tí ó dọ́gba, kí ó bi oníṣẹ́ iná bóyá a lè to bátìrì náà tẹ̀léra kí wọ́n di fóòtì 24 fún páńẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn. Èyí lè gba owó díẹ̀.

Ìyá wa ti dá wa lóhùn: wáàtì 150 ni páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 18 ni ó sì wà níwájú Vmp. Kọ̀ńtírólà rẹ̀ kò jẹ̀bi. Kí ni ó wá ń pa iná rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi àsìkò ìrun wò ó.

Bí ẹ bá ti kírun Alásàrì tán ní ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ wo ojú kọ̀ńtírólà. Bí bátìrì kò bá tíì yó nígbà yẹn, agbára kò wọlé tó, tàbí ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án ti pọ̀ jù. Ẹ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì ní àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ wo bóyá igi máńgòrò ti dàgbà tí ó ń ṣíji bò ó, kí oníṣẹ́ iná sì fún gbogbo ojú ìsowọ́ wáyà le. Ẹ rántí fíríìjì tí àwọn ọmọ rà lẹ́yìn tí a ti ṣe sólà.

Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá yó ní Alásàrì, tí iná tí kò pọ̀ sì gbé e ṣánlẹ̀ kí ẹ tó sùn lẹ́yìn Ìṣáì, bátìrì ni ó ti gbó. Bátìrì olómi a máa gbó kíákíá nínú ooru, ọdún mẹ́fà kì í sì ṣe kékeré fún un. Àpò tí ó ti jò ni. Kò sí adènà tí ó lè mú kí àpò tí ó jò kún.

Ẹ̀yin tí ó yẹ kí ẹ rà á, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Àwọn kan wà lọ́jà tí a kọ MPPT sí lára, tí ó jẹ́ pé PWM ni ó wà nínú. Ní ọ̀sán, nígbà tí ebi ń pa bátìrì, kí oníṣẹ́ iná wọn áńpù tí ń ti páńẹ́ẹ̀lì bọ̀, kí ó sì wọn èyí tí ń lọ sínú bátìrì. Nínú MPPT tòótọ́ tí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ga ju bátìrì lọ, ti bátìrì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti páńẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá dọ́gba, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ wo Voc pẹ̀lú: àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ dé òpin tí a kọ sára kọ̀ńtírólà, nítorí pé fóòtì a máa lọ sókè ní àárọ̀ ọyẹ́ tí ó tutù.

Ẹ̀yin tí ń tà á, Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà rí, ó sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó bá ọlọ́jà náà wí pé kí ló dé tí kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì yọ ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kúrò nínú àwọn tirẹ̀. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara àpótí ni òkè òkìtì. Ohun tí ó wà nínú ni ìsàlẹ̀.

Ìyá wa, ẹ lọ ra àgbò yín. Ẹ fọ páńẹ́ẹ̀lì, ẹ fún wáyà le, ẹ wo bátìrì ní Alásàrì àti ní Ìṣáì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ bátìrì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó rẹ̀ jọ lẹ́yìn Iléyá. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ti lítíọ̀mù nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ̀ńtírólà yín ní ètò fún un. Bí kò bá ní, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ̀ńtírólà tuntun tó dé.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí iná wa dé sààrì ọdún tí ń bọ̀. Àmín.