Ẹ̀kọ Mímu Kì Í Ṣe Omi

Láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí ará ìlú náà tàbí ará Ọ̀yọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé ẹni tí a ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún kì í jẹun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ti ohun mímu. Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ má jẹ ohunkóhun. Ìyá fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Bí a bá bi í, yóò búra pé ọmọ òun kò jẹ nǹkan, kò sì parọ́: Yorùbá kì í jẹ ẹ̀kọ gbígbóná, mímu ni a ń mu ún. Bournvita tí a da mílíìkì sí títí ó fi ki, tíì ni a ń pe òun náà.

Ṣùgbọ́n ikùn kò mọ gírámà. Omi lásán kì í pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun. Mílíìkì a máa dì, ọ̀rá inú rẹ̀ a sì máa dá a dúró; oúnjẹ ni. Oògùn tí ó ń mú aláìsàn sùn a sì máa gba agbára lọ́wọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Bí ohun inú ikùn bá gòkè wá, kò sí ikọ́ tí yóò lé e padà. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbà lọ. Ní 1946, Dókítà Mendelson ní New York kọ̀wé nípa 66 obìnrin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí níbi ìrọbí. Oúnjẹ líle dí èémí àwọn méjì, wọ́n sì kú.

Síbẹ̀, a kò fara mọ́ àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan omi láti ọ̀gànjọ́ òru. Ẹni tí a kò ní gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ títí di agogo méjì ọ̀sán yóò ti fi wákàtí 14 gbẹ lọ́fun nínú ooru ilẹ̀ wa. Láti 1999 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà oògùn oorun ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀: wákàtí 2 fún omi àti ohun mímu tí ó mọ́ gaara, bí a tilẹ̀ fi ṣúgà sí i, 4 fún ọmú, 6 fún mílíìkì mìíràn àti oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè tó 8 fún ohun díndín. Obìnrin tí ń rọbí, alátọ̀gbẹ àti ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, ikùn wọn lè lọ́ra; dókítà ni yóò sọ tiwọn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ní Ìbàdàn kò ju owó bébà lọ. Kí a kọ wákàtí wọ̀nyí ní Yorùbá lé aláìsàn lọ́wọ́, kí a dárúkọ ẹ̀kọ àti Bournvita níbẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí èyí yóò gba ìbò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ lè kà á fún àwọn òbí ní ìpàdé yín. Bí ìyá kan bá sì jẹ́wọ́ pé ọmọ òun ti mu ẹ̀kọ, kí nọ́ọ̀sì má bú u. Kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.