Ó yẹ kí ìwé ìwakọ̀ náà lè sọdá Òpárá

Ẹ̀yin ará Collines, ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ nílé lóko, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olóṣèlú wa kì í mẹ́nu bà. Ọmọ wa tó gba permis lọ́dọ̀ ANaTT lè gbé e lọ sí Kútọnu tàbí Parakou, kò sẹ́ni tó máa ní kó lọ gba òmíràn. Àmọ́ bó bá sọdá Òpárá lọ máa gbé ní Ṣakí tàbí Ìbàdàn, tó ń wakọ̀ jẹun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì.

Ṣé ECOWAS ò ti yanjú ẹ̀ ni? Ó yanjú apá kan. Àdéhùn 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìsí físà. Ní Kútọnu níbí náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ti Brown Card ní 1982, kí ìbánigbófò ọkọ̀ lè bá wa kọjá ẹnubodè. Ìbánigbófò kọjá, awakọ̀ dúró! Àdéhùn Vienna ti 1968 pàápàá, àlejò ló ń gbè. Kò di dandan fún orílẹ̀-èdè kan láti gba ìwé ẹni tó ti kó ẹrù wá.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni níwèé ìwakọ̀. Ẹni tó bá kó láti New Jersey wá sí New York ní ọjọ́ 30 láti fi ti àtijọ́ gba tuntun, wọn ò ní ní kó tún ìdánwò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tó dá lójú títì ń tẹ̀ lé e, torí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń ròyìn fún ara wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Àwa tá à ń gbé lẹ́bàá RNIE 2 mọ ohun tí eré àsápajúdé ń fà. Awakọ̀ tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ níhìn-ín kò yẹ kó lọ rí òmíràn gbà lọ́hùn-ún bí ẹni mímọ́. Ẹni tó sì ti wakọ̀ ogún ọdún láìṣẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. (Apá ọ̀tún kan náà la jọ ń gbà, Nàìjíríà ti yí sí i láti 1972.) Àwọn kan á ní ayédèrú ìwé pọ̀. Òótọ́ ni, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kí ANaTT àti FRSC máa bi ara wọn léèrè tààrà, dípò kí ọlọ́pàá máa wojú awakọ̀ dájọ́.

Ìjókòó 5 la ní nílé aṣòfin ECOWAS, Nàìjíríà ní 35. Inú àwọn tí à ń dìbò fún ni àwọn 5 yẹn ti ń jáde. Ẹni tó bá tún wá tọrọ ìbò ní Collines, ẹ bi í léèrè kí ló fẹ́ sọ níbẹ̀ lórí permis.