Kí Ẹ Tó Ra Sìmẹ́ǹtì fún Ilé Bàbá Yín

Bí ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ní Ìbàràpá ṣe ń di títúnṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bàbá tàbí ìyá kú, wọ́n gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n dá ọjọ́ ìsìnkú. Ẹnìkan wá rántí pé ògiri iwájú ilé ti ń ṣí, àjà pálọ̀ sì ti dúdú. Àwọn tó wà l'Ékòó dáwó, èyí tó wà lókè òkun fi tirẹ̀ ránṣẹ́, bíríkìlà sì kó ọmọṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé alámọ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n ti kùn ún lọ́dà, àlejò ti jẹun, wọ́n ti ya fọ́tò. Kí òjò ọdún kejì tó dá, sìmẹ́ǹtì náà á ti máa já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

Ẹ má bá bíríkìlà jà. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe. Àwa la ò bèèrè ibi tí omi ń gbà wọ ògiri kí a tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ ìsìnkú bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ gbálẹ̀, ẹ ta kánópì, kí títún ilé ṣe dúró de ìgbà tirẹ̀. Kò sí àlejò tó jẹ àmàlà àti ìlasa yó tó tún ń yẹ ògiri wò.

Ilé alámọ̀ tí àwọn baba wa kọ́ ní Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀ títí dé Ayétẹ̀ lágbára ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ògiri rẹ̀ nípọn, ooru kì í tètè wọ inú rẹ̀. Àmọ́ amọ̀ a máa mu omi. Omi ń gòkè wá láti inú ilẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà sì ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, yóò gbẹ. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì líle dí i pa, omi á há sẹ́yìn. Lásìkò òjò amọ̀ á wú, nígbà ẹ̀rùn á súnkì. Sìmẹ́ǹtì kò lè bá a wú, kò sì lè bá a súnkì, làwọn méjèèjì bá pínyà. Ẹ fi ìka kan irú ògiri bẹ́ẹ̀ wò: ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti kúrò lára amọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, òjò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yẹ ilé wò. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ẹni tó ń gbé inú ilé náà gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń wá lọ́dún Iléyá nìkan. Bí òjò bá ti ń rọ̀, kó kọ ibi tí páànù ti ń jò, ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà wọ àgbàlá, àti bí omi ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn tí òjò bá dá. Ìwé yìí ló máa sọ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ ó sì rí i pé ohun tí ilé mìíràn nílò kò ju kí káfíńtà na etí òrùlé síta sí i, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà, kí wọ́n sì da ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri kí omi lè máa ṣàn kúrò. Ibi tí ògiri bá ti jẹ, irú amọ̀ kan náà tí wọ́n gé koríko sí ni kí wọ́n fi dí i.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Chicago tàbí Maryland mọ básímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ di pálọ̀ lọ́hùn-ún. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ níbẹ̀ kì í kan pákó mọ́ ògiri tí omi ṣì ń wọ̀. Ó kọ́kọ́ ń lé omi lọ. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n mú wálé nìyẹn. Kí wọ́n má wulẹ̀ dá a lábàá pé ká gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilé Bàbá. Ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ kì í sábà jìn, ẹni tó bá sì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ ẹsẹ̀ ògiri.

Ohun mìíràn tún wà nínú ilẹ̀ tí bíríkìlà kò mọ̀. Láyé ọjọ́sí, inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ nítorí ṣalángá tàbí sókàwéè, ẹ bi olórí ẹbí àti àgbà obìnrin ilé léèrè ibi tí ojú oórì wà. Ẹ wọn ibi tí kànga wà pẹ̀lú. Ó yẹ kí ó tó mítà 30 sí sókàwéè. Bí àgbàlá kò bá gbà á, ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún omi mímu. Ìdèrè tó wà nítòsí wa ti rí màbo lọ́wọ́ sòbìà tí omi ń kó ranni, kí àjọ WHO tó kéde lọ́dún 2013 pé àrùn náà ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹni tó fẹ́ wó ògiri àárín yàrá méjì kí pálọ̀ lè fẹ̀, kó mọ̀ pé ògiri náà lè wà lára ohun tó gbé òrùlé dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ la fèrèsé ńlá, ìtẹ́rígbà tó gùn kọjá ẹnu fèrèsé lápá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Kíkọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé alámọ̀ lórí ńkọ́? Rárá. Ilé tó wó ní Ìta Fáájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀, yẹ kó ti kọ́ gbogbo wa pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gbé ilé dúró. Bí òrùlé tàbí àjà bá sì jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe fọ́ ọ: ẹ fi omi rin ín, ẹ yọ ọ́ ní odindi. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ.

Owó wá kù. Ní òfin ìbílẹ̀, owó tí ẹnìkan ná sórí ilé ẹbí kò sọ ilé náà di tirẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́ létí ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀, àmọ́ ó sàn kó gbọ́ ọ báyìí ju kó gbọ́ ọ ní kóòtù lọ. Ẹ pe ìpàdé, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí, kí gbogbo ẹ̀ka ọmọ buwọ́ lù ú.

Iye ohun èlò kò ṣòro láti mọ̀ kí ẹ tó lọ ọjà. Ògiri tuntun tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó sì ga ní 10, búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 bíi 100 ló máa jẹ. Ẹ ka nọ́ńbà ara àpò sìmẹ́ǹtì: lọ́dún 2014 ni SON, àjọ tó ń bójú tó ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, kí 42.5 sì wà fún búlọ́ọ̀kù àti òpó. Nínú 100 náírà tí ẹ bá kó jọ, ẹ fi 20 pamọ́, torí ilé àtijọ́ kì í sọ gbogbo àrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oṣù kọkànlá ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ti dá tí omi kànga kò sì tíì lọ sílẹ̀ jù, nítorí ohun tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ gbọ́dọ̀ máa mu omi fún bí ọjọ́ méje nínú ọyẹ́.

Ní ti káfíńtà, ẹ má san gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́jọ́ tó bá kan ìṣó ìkẹyìn. Ẹ bá a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé, pé ìyókù di ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí páànù náà.